Ta Ló Fi Ìbò Ṣòfò? Ọ̀rọ̀ Lórí Olùdíje Kẹta Nínú Ìdìbò Ààrẹ Amẹ́ríkà

(Àwọn ará wa ní Houston ni mo kọ́kọ́ bá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo tún un tò díẹ̀ fún ẹni tí kò sí níjokòó lọ́jọ́ náà.)

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjokòó. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ń bá wí jù.

Ibi ìkómọjáde kan lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni, ìdìbò ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Àwa méje la jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ti gbé ìrẹsì síwájú wa. Bọ̀dá kan sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ pé Jill Stein, olùdíje ẹgbẹ́ Green tí kì í ṣe ti Dẹmokrátíkì tàbí Rẹpọ́blíkánì, lòun dìbò fún. Ṣíbí dúró lẹ́nu ẹ̀gbọ́n kan. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìwọ lo jẹ́ kí Trump wọlé." Ẹnìkan tó fẹ́ràn Trump bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ bọ̀dá. Kí wọ́n tó gé kéèkì, ẹ̀gbọ́n ti gbé àwo rẹ̀ lọ sídìí tábìlì mìíràn. Títí di òní, bí àwọn méjèèjì bá pàdé, orí ni wọ́n ń mì síra wọn, wọn kì í dúró kí ara wọn.

Ó dùn mí, nítorí ìṣirò kankan ò sí nínú ìjà náà. Ní Texas níbí, Trump fi ìbò tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ju Kamala Harris lọ. Ká ní gbogbo ẹni tó dìbò fún Stein ní Texas yí padà lóru ọjọ́ kan, tí wọ́n kó ìbò wọn fún Harris, èsì náà kò ní kúrò níbi tó wà. Ìbò bọ̀dá ò gbé ẹnikẹ́ni wọlé, kò sì ti ẹnikẹ́ni jáde. Ọ̀rẹ́ ogún ọdún ló kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò rèé: ẹ̀bi tí à ń dì ru olùdìbò, ọrùn òfin tí wọ́n fi ń ka ìbò ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n gbé ìwé ìbò kan lé yín lọ́wọ́. Ti Palm Beach County ní Florida ni, ọdún 2000. Ó ṣí bí ìwé tí èèyàn ń kà. Orúkọ wà lójú ewé òsì, orúkọ wà lójú ewé ọ̀tún, àwọn ihò tí olùdìbò máa fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ lu sì tò sí àárín. George W. Bush ti Rẹpọ́blíkánì ló wà lókè pátápátá lápá òsì, òun ló ni ihò àkọ́kọ́. Al Gore ti Dẹmokrátíkì ló tẹ̀ lé e nísàlẹ̀. Ojú ẹni yóò sọ fún un pé Gore ló ni ihò kejì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Pat Buchanan ti ẹgbẹ́ Reform tó wà lókè lápá ọ̀tún ló ni ín. Ihò kẹta ni ti Gore. Èèyàn tó lé ní 19,000 ló lu ju ihò kan lọ fún ipò ààrẹ ní county kan ṣoṣo yẹn, a ò sì ka ìbò wọn. Buchanan rí 3,407 gbà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì jáde sọ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe tòun. Kí ló mú kí wọ́n tò ó bẹ́ẹ̀? Olùdíje mẹ́wàá ló wà lórí ìwé náà, ẹni tó ṣètò rẹ̀ sì fẹ́ kí lẹ́tà tóbi kí àgbàlagbà lè rí i kà. Inú rere ló fi ṣe é.

Nínú ìbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́fà, 537 ni Bush fi borí ní Florida, Florida ló sì sọ ọ́ di ààrẹ. Ralph Nader ti ẹgbẹ́ Green gba 97,488. Láti ìgbà náà ni orúkọ Nader ti di èébú lẹ́nu àwọn Dẹmokrátíkì. Bí eku ò bá lè jẹ sèsé, a fi ṣe àwàdànù: ojú tí wọ́n fi ń wò ó nìyẹn. Mi ò ní sọ pé kò lọ́wọ́ níbẹ̀, nítorí bí díẹ̀ péré nínú àwọn èèyàn rẹ̀ bá yà sọ́dọ̀ Gore, Gore ni ì bá búra. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìwé náà wò. Olùdíje kéékèèké mẹ́jọ ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kéré jù lọ nínú wọn, James Harris ti Socialist Workers, gba 562. Ìbò tirẹ̀ nìkan ju àlàfo tó wà láàárín Bush àti Gore lọ! Ta ló tíì bú James Harris rí? Ìbò 19,000 tó bàjẹ́ ní Palm Beach ńkọ́? Àwọn adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó fòpin sí àtúnkà ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ńkọ́? Nígbà tí nǹkan bá há tó báyẹn, gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ẹni tí kò ní alátìlẹyìn la kàn máa ń mú.

Ẹ jẹ́ ká wá wo òfin fúnra rẹ̀. Àwọn aṣojú 538 tí wọ́n ń pè ní Electoral College ló ń yan ààrẹ. Ẹni tó fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní 270. Ìpínlẹ̀ 48 nínú 50 ló ń kó gbogbo aṣojú wọn fún ẹni tó bá ṣíwájú níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ìbò kan ló fi ṣíwájú, ìbáà máà tó ìdajì ohun tí wọ́n dì. Maine àti Nebraska nìkan ló ń pín tiwọn ní àgbègbè-àgbègbè. Gbogbo wàhálà yòókù, inú ibí yìí ló ti ń sun.

Ẹ wo Ross Perot, ọmọ Texas níbí, Texarkana ni wọ́n bí i sí. Ní 1992, ó fi owó ara rẹ̀ ra ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí tẹlifíṣọ̀n, ó gbé páálí tí wọ́n ya gbèsè orílẹ̀-èdè sí kalẹ̀, ó ń tọ́ka sí i bí olùkọ́ ìṣirò tó fẹ́ kí ọmọ iléèwé rẹ̀ yege. Ó jáde nínú ìdíje ní oṣù Keje, ó padà wọlé ní oṣù Kẹwàá, síbẹ̀ èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 19 dìbò fún un. Nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò, bíi mọ́kàndínlógún ni. Aṣojú mélòó ló rí gbà? Kò rí ẹyọ kan.

Ẹ wá fi wé George Wallace. Òun ni gómìnà Alabama tó dúró níwájú èrò ní 1963 tó ní ìyàsọ́tọ̀ dúdú àti funfun kò ní tán títí láé. Ó jáde gẹ́gẹ́ bí olùdíje kẹta ní 1968, ó gba ìdá 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn kéré sí ti Perot. Ṣùgbọ́n ó gba ìpínlẹ̀ márùn-ún ní gúúsù, ó sì ní aṣojú 46. Ohun tó ń wá ni pé kí ẹnikẹ́ni má rí iye tó yẹ kó ní, kí wọ́n lè wá bá òun dúnàádúrà. Bí kò bá sí ẹni tó dé góńgó, Ilé Aṣojú-ṣòfin ló máa yan ààrẹ, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò sì ní ohùn kan péré. Ohùn Wyoming tí èèyàn ibẹ̀ kéré jù á dọ́gba pẹ̀lú ti California tí èèyàn ibẹ̀ pọ̀ jù. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí: nínú ìdìbò 1824, Andrew Jackson ló ní ìbò jù, John Quincy Adams ni wọ́n yàn.

Ọ̀rọ̀ Perot àti Wallace yìí ló máa ń gba oorun lójú mi. Òfin yìí ń fìyà jẹ ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ fọ́n káàkiri orílẹ̀-èdè, ó sì ń ṣe kóríyá fún ẹni tó kó ìbínú jọ sójú kan. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹni rere ni olùdíje nítorí pé ẹnìkẹta ni. Wallace náà, ẹnìkẹta ni.

Ká tilẹ̀ ní ẹni rere ni, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa dúró sí. Kí orúkọ ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ tó lè hàn lórí ìwé ìbò Texas ní 2024, ó gbọ́dọ̀ kó ìfọwọ́sí èèyàn 113,151 jọ, ẹni tó bá sì ti dìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ kankan lọ́dún náà kò lè fọwọ́ sí i. New York ń béèrè 45,000 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, olùdíje á sì máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo wọn. Ti àríyànjiyàn orí tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Láti ọdún 2000 títí di 2020, ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò rẹ̀ nígbà náà máa ń béèrè pé kí èèyàn ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìwádìí èrò aráàlú. Lẹ́yìn Perot ní 1992, kò sí ẹnìkẹta tó tún dúró lórí pèpéle náà nínú àríyànjiyàn ìparí. Wọ́n ní kí o di ẹni mímọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí o sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ ló máa sọ ẹ́ di ẹni mímọ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn ń rò: ìyapa tó wà láàárín Dẹmokrátíkì àti Rẹpọ́blíkánì kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin, ọ̀rọ̀ ọkàn ni. Ó ti di ọ̀rọ̀ ọkàn lóòótọ́. Ní 1960, àwọn olùwádìí bi àwọn òbí ní Amẹ́ríkà bóyá inú wọn á bàjẹ́ bí ọmọ wọn bá fẹ́ ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kejì. Nínú ọgọ́rùn-ún, kò ju bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n bi irú ìbéèrè náà ní 2010, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn Rẹpọ́blíkánì, ó sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn Dẹmokrátíkì. Àwa tí a máa ń wádìí ìdílé kí a tó fọmọ fọ́kọ, ó yẹ kí èyí yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Ibi tí olè, wèrè àti àrùn ìdílé wà tẹ́lẹ̀ ni ẹgbẹ́ òṣèlú ti wá bọ́ sí.

Ẹni tí ẹ̀rù ẹgbẹ́ kejì bá sì ń bà tó bẹ́ẹ̀ kì í ráyè bi ẹgbẹ́ tirẹ̀ léèrè nǹkan kan. Kí ló máa bi wọ́n? Ibòmíràn wo ló fẹ́ sá sí? Olóṣèlú mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì ní í làágùn nítorí ẹ. Ní 2023, nígbà tí Gallup bi aráàlú, ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé orílẹ̀-èdè nílò ẹgbẹ́ ńlá kẹta. Ọdún kan lẹ́yìn náà, gbogbo olùdíje tí kì í ṣe Trump tàbí Harris pín nǹkan bí ìdá méjì péré láàárín ara wọn. Àwọn èèyàn kan náà ni. Ohun tí wọ́n fẹ́ wà lọ́kàn wọn, ohun tí ẹ̀rù jẹ́ kí wọ́n ṣe wà lórí ìwé.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí Maine. Ní 2010, Paul LePage di gómìnà níbẹ̀ láìní ìdá 38 pé nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé àwọn tí kò fẹ́ ẹ pín ara wọn sí méjì. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, aráàlú fi ìbò yí òfin padà. Ìwé ìbò wọn fún ipò ààrẹ àti aṣòfin àpapọ̀ báyìí dà bí pátákó ìṣirò: orúkọ olùdíje tò wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, "àkọ́kọ́", "ìkejì", "ìkẹta" tò lọ lókè, èèyàn á fi bírò kun róbótó tó bá yàn. Bí kò bá sí ẹni tó kọjá ìdajì, wọ́n á yọ ẹni tó kéré jù, wọ́n á sì pín ìbò àwọn èèyàn rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n fi ṣe ìkejì. Ní 2018, Bruce Poliquin ló kọ́kọ́ ṣíwájú fún ipò aṣòfin kan. Nígbà tí wọ́n pín ìbò àwọn olùdíje méjì tó kéré, Jared Golden ló wọlé. Poliquin gba ilé ẹjọ́ lọ, adájọ́ ò gbà fún un.

Kò pé, ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ó pé. Ní Alaska ní oṣù Kẹjọ 2022, Mary Peltola ti Dẹmokrátíkì borí Sarah Palin ti Rẹpọ́blíkánì fún ipò aṣòfin nípasẹ̀ irú ìbò yìí, inú sì bí ọ̀pọ̀ Rẹpọ́blíkánì, nítorí pé Nick Begich, Rẹpọ́blíkánì kejì tí wọ́n kọ́kọ́ yọ, ni ì bá borí ẹnikẹ́ni nínú wọn ká ní òun àti ẹni náà nìkan ló kù. Ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 2024, wọ́n gbé òfin náà síwájú aráàlú kí wọ́n lè pa á rẹ́. Ìbò tí kò tó 800 ló gbà á sílẹ̀.

Nígbà tí mo fẹnu bọ́ ọ̀rọ̀, ìyá àgbà kan ní ìlà kejì na ọwọ́ sókè. Ó ní gbogbo ohun tí mo sọ dára, ṣùgbọ́n Texas lòun ń gbé, òun ò lè kó lọ sí Maine nítorí ìwé ìbò.

Mo ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ dìbò máyọ̀ Houston ní 2023?"

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n mú àwọn lọ.

"Ta lẹ dìbò fún ní oṣù Kọkànlá?"

Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ní Gilbert Garcia ni. Ẹ̀kẹta ló ṣe, lẹ́yìn John Whitmire àti Sheila Jackson Lee. Kò sí ẹni tó kọjá ìdajì, nítorí náà àwọn méjì tó ṣíwájú tún pàdé ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, mọ́mì wọ mọ́tò padà lọ, wọ́n yan ọ̀kan nínú wọn. Whitmire ló wọlé.

Mo ní, "Ta ló bá yín jà pé ẹ fi ìbò àkọ́kọ́ ṣòfò?"

Mọ́mì wo àwọn tó jókòó tì wọ́n. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ bá mi jà sí? Ṣebí mo padà lọ."

Ẹ̀gbọ́n tó gbé àwo rẹ̀ kúrò nídìí tábìlì wa lọ́jọ́ ìkómọjáde náà wà níjokòó, lẹ́yìn pátápátá. Ó ní kí n tún sọ iye ìbò tí Trump fi ṣíwájú ní Texas.