Ọjọ́ Kẹta: Ọ̀rọ̀ Ẹnu Nílé Ẹjọ́ Àwọn Ogúnléndé

Ẹ kú ìjókòó o. Alága, mo dúpẹ́. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ lọ́yà tí mò ń ṣe ní Houston, ní àjọ kan tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn ogúnléndé tó ń gbẹjọ́ rò fún. (Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tì yín lójú. Ogúnléndé ló tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830.) Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé ìwé òfin ni mo fẹ́ kà síi yín létí, kó fọkàn balẹ̀.

Mo ní láti mẹ́nu ba òfin díẹ̀ ṣá. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1980 sọ pé ẹni tó ń sá fún inúnibíni nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, èrò òṣèlú tàbí irú àwùjọ èèyàn tó wà nínú rẹ̀ lè tọrọ ààbò. Ọdún kan ló ní láti fi kọ̀wé lẹ́yìn tó bá wọlé, àfi tó bá ní àwáwí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ebi àti àìríṣẹ́ṣe kò sí nínú márùn-ún yẹn. Ọ̀pọ̀ omijé tí mo ti rí ní ọ́fíìsì mi, ibẹ̀ ló ti wá. Ìjọba kì í sì í bá ẹnikẹ́ni gba lọ́yà níbẹ̀, torí wọn ò kà á sí ẹjọ́ ọ̀daràn. Ọmọdé pàápàá lè dá dúró níwájú adájọ́. Ìdí tí irú àjọ tiwa fi wà nìyẹn.

Ẹni tó sá nílé lóru kì í rántí kó rìsíìtì dání. Ẹnu rẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀. Láti ọdún 2005 sì ni òfin REAL ID Act ti fún adájọ́ láyè láti fi ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára mu sọ pé onítọ̀hún kò ṣeé gbà gbọ́, kódà bí ọ̀rọ̀ náà kò kan gbòǹgbò ẹjọ́.

Màmá kan wà tí mo dúró fún. Mo ti yí díẹ̀ padà nínú ìtàn wọn kí ẹ má baà dá wọn mọ̀. Nínú ìwé tí mo bá wọn kọ, Ọjọ́rú ni wọ́n sá kúrò nílùú. A dé kóòtù, màmá ní, "Ọjọ́ Ajé ni wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù mi. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni mo kúrò nílé." Ògbufọ̀, tó ń sọ̀rọ̀ láti orí fóònù, sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́yà ìjọba ṣírò rẹ̀: Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Ó gbé ìwé mi sókè, ó bi wọ́n pé èwo ni ká mú. Màmá ní ọjọ́ kẹta. Ó tún bi wọ́n. Wọ́n tún ní ọjọ́ kẹta, ohùn wọn ti ń ròkè bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀.

Àwa a máa ń ka ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ tó ṣáájú àná, ìjẹta là ń pè é. Ọjà tí à ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, mẹ́rin ni òyìnbó máa kà.

Mi ò dá ògbufọ̀ lẹ́bi. Èmi tí mo ti ń gbọ́ "ọjọ́ kẹta" láti kékeré ni mo yẹ kí n ti rí i tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kàn mí láti béèrè ọ̀rọ̀, mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọjọ́ náà fún wa." Wọ́n na ọwọ́ òsì, wọ́n ń fi ọ̀tún ká ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ajé. Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú." Adájọ́ gba orí gíláàsì ojú rẹ̀ wo ìka mẹ́ta náà, ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Kì í ṣe ọjọ́ nìkan. "Wọ́n gbá mi létí." Èèyàn mélòó? Ó lè jẹ́ bàbá ọkọ nìkan, tí ìyàwó ilé ò jẹ́ pè ní "ó". Lónìí ògbufọ̀ á ní àwọn èèyàn kan ni, tó bá di ọjọ́ mìíràn á ní ọkùnrin kan ni. "Ó halẹ̀ mọ́ mi": akọ ni àbí abo? Àti "ẹ̀gbọ́n mi" tí wọ́n pa, tí orúkọ rẹ̀ kò sí láàárín àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá nínú fọ́ọ̀mù I-589 tí wọ́n fi ń tọrọ ààbò, torí ọmọ àbúrò bàbá ni. Ta ló ń ya irú ìyẹn sọ́tọ̀ nílé wa?

Kì í ṣe àwa nìkan ló sì ń ṣe. Fauziya Kassindja, ọmọ Togo, sá fún abẹ́ dídá àti ìgbéyàwó tipátipá. Ó gúnlẹ̀ sí Newark ní oṣù Kejìlá 1994, ọmọ ọdún 17, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ohun tó lé ní ọdún kan. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní òun ò gbà á gbọ́. Oṣù Kẹfà 1996 ni ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn tó dá a láre, ẹjọ́ náà sì ni à ń fẹ̀yìn tì títí dòní bí obìnrin bá ń sá fún abẹ́ dídá. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ tí ẹjọ́ náà ń jẹ́ nínú ìwé òfin: Kasinga. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló ṣì í kọ, bẹ́ẹ̀ ló sì wà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní ẹ fẹ́ wá bá wa ṣe ògbufọ̀, ẹ ṣeun. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, bó ti wù kí àánú rẹ̀ ṣe yín tó. Bó bá ní "wọ́n", ẹ tọrọ àyè kí ẹ bi í pé ẹni mélòó. Èmi, kàlẹ́ńdà ọdún tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀ jáde báyìí, màá tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Bí oníbàárà bá ní ọjọ́ kẹta, mi ò tíì ní gbé bírò. Màá ní kó fi ìka lé e ná.