Ata Ọjọ́ Sátidé: Bí Ilé Wa Ṣe Ń La Ìgbà Ìwọ́wé Kọjá Láìra Oúnjẹ Alẹ́ Níta

Ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kúùrọ̀lẹ́, ìgbà yòówù tẹ́ ẹ bá ń wò mí. Ẹ má wo irun orí mi o, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti dé láàárọ̀ yìí. Ìkòkò orí iná yìí ni kẹ́ ẹ máa wò. Òun lọ̀rọ̀ wa lónìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London bíi tèmi, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí oṣù kẹsàn-án bá ti dé. Iléèwé wọlé, bàtà ọdún tó kọjá ò gba ẹsẹ̀ mọ́. Èyí àkọ́kọ́ ń lọ gbá bọ́ọ̀lù, èyí àárín ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, àbíkẹ́yìn ń wúkọ́. Bàbá wọn ń jáde bí mo ṣe ń wọlé. Tó bá wá di Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, wọ́n á dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ á wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọmọ dé, ebi ń pa á. Ẹ̀yin náà dé, ẹsẹ̀ ń ro yín. Aládìẹ díndín sì rèé lójú títì, iná ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń tàn yòò. Ẹ ní "toò, ti òní nìkan." Ogún pọ́n-ùn ti lọ. Tó bá di Thursday, ẹ tún ní ti òní nìkan.

Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó, mo ka gbogbo ìnáwó wa. Mo rò pé ọjà tí mò ń rà ló pọ̀ jù. Irọ́ ni! Ọjà ò ṣe wá ní nǹkan kan. Àárẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ n tún un sọ kẹ́ni tó wà ní yàrá lè gbọ́: ÀÁRẸ̀ LÓ Ń NÁ OWÓ YÍN! Ẹni tí kò rẹ̀ kò ní ra adìẹ ogún pọ́n-ùn.

Ohun tá a wá ń ṣe nílé wa ni pé, ní Sátidé kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo máa ń din ata ńlá kan, màá tọ́jú ẹ̀ sí firísà. Ó tán. Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń bà á jẹ́ wà, a sì ń bọ̀ níbẹ̀.

Ọjà kíákíá: Rye Lane ní Peckham tàbí Ridley Road ní Dalston, ẹ lọ nírọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti ń palẹ̀ mọ́. Tàtàṣé tó ti hunjọ díẹ̀, ẹ gbà á, ṣebí lílọ̀ lẹ ń lọ lọ̀ ọ́. Tòmátì inú agolo, àlùbọ́sà, rodo. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń lo blẹ́ńdà. Ẹ ṣáà má bu omi sí i bí ẹni ń po ẹ̀kọ.

Ó yá, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ tẹ́tí.

Ẹ gbọ́ ìró yẹn? Pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀. Omi nìyẹn. Mi ò tíì da òróró sí i rárá, mò ń jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ ná. Ibí yìí, IBÍ YÌÍ, lọ̀pọ̀ yín ti ń ṣìṣe. Ata ṣì ń sọ pọ̀tọ̀-pọ̀tọ̀, ẹ ti dòróró lé e, ẹ ti pa iná, ẹ ti ń kó o sí ike. Omi tó kù nínú ẹ̀ á di yìnyín nínú firísà. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, omi á dá dúró lọ́tọ̀, ata á dá dúró lọ́tọ̀, ọbẹ̀ á máa kan lẹ́nu. Ẹ á wá tún din in lẹ́ẹ̀kejì lálẹ́ Tuesday, iná á jó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ á sì ní ẹni yìí tàn yín jẹ.

Nígbà tí mo wà ní kékeré n'Ìbàdàn, ìyá mi kì í wá wo ìkòkò. Pálọ̀ ló máa ń jókòó sí, á máa fi ọwọ́ ṣa ẹ̀wà. Èmi á ní, "Mọ́mì, ata ti jinná o." Kò ní yíjú rárá. "Mo ṣì ń gbọ́ omi nínú ẹ̀." Mo rò pé àjẹ́ ni nígbà yẹn. Ìgbà tí mo dé ìlú òtútù yìí ni mo mọ ohun tí obìnrin yẹn ń sọ.

Ẹ rí i báyìí, ìró ti ń lọ sílẹ̀. Mo da òróró sí i. Ẹ wo ṣíbí onígi yìí, mo fi fa ìlà nísàlẹ̀ ìkòkò. Ìlà padé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Kò tíì yá. Ìlà dúró, ẹ rí ìdí ìkòkò fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, òróró sì ń sun sí ẹ̀gbẹ́, àwọ̀ pupa yẹn ti ń ṣókùnkùn? Ó ti yá nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fèrèsé tẹ́ ẹ bá ń ṣe èyí, bó ti wù kí òtútù pọ̀ tó. Ooru ata tí mo tì mọ́lé nígbà kan, ńṣe ni ògiri yàrá wa ń làágùn. Kí oṣù kọkànlá tó parí, ó ti hu dúdú.

Ó wá kan bó ṣe máa tutù. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: "Òyìnbó ni ibí, òtútù wà, ẹ jẹ́ kó sùn lórí àdìrò." Ẹ gbà mí o! Òtútù wà níta, ṣùgbọ́n nínú ilé, ẹ̀rọ ooru ń ṣiṣẹ́! Bí mo ṣe pàdánù odidi ìkòkò kan nìyẹn, àárọ̀ Sunday ni mo ṣí i, ó ti ń hó láìsí iná lábẹ́ ẹ̀. Àjọ tó ń rí sí oúnjẹ nílùú yìí, Food Standards Agency, ní kí oúnjẹ tá a sè tutù, kó sì wọ fíríìjì láàárín wákàtí kan sí méjì. Torí náà ẹ tẹ́ ẹ sínú tíréè fífẹ̀. Á tutù kẹ́ ẹ tó fọ ìkòkò tán.

Ẹ wá wo bí mo ṣe ń dì í. Ṣé ẹ rántí píọ̀ wọ́tà tí wọ́n ń tà fún wa nínú gosiló? Ṣé ẹ ti rí ẹni tó gbé odidi báàkẹ́ẹ̀tì omi sínú firísà, tó wá ń fi òòlù fọ́ ọ tà? Náílọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ ni, òun ló fi ń yá dì, òun ló fi ń yá yọ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ wá ń kó ata yín sí ike áìsìkiriìmù, tó ń dì gbagidi bí òkúta? Ife méjì nínú náílọ́ọ̀nù kan, ẹ lé atẹ́gùn jáde, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Tó bá ti dì, ẹ tò ó dúró bí ìwé iléèwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ kékeré tí kò lè jẹ ata, ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ láìsí rodo.

Kí la fi ń ṣe? Ìrẹsì, ẹ̀wà tá a ti sè sílẹ̀, sìpàgẹ́tì, ẹyin díndín pẹ̀lú iṣu, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ogún ìṣẹ́jú, oúnjẹ délẹ̀, kí ọmọ tó bọ́ yunifọ́ọ̀mù.

Ẹ̀ẹ́n, ọ̀rọ̀ yunifọ́ọ̀mù! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ẹ bi iléèwé léèrè fún àlòkù, wọ́n máa ń ní in, ojú ò gbọ́dọ̀ tì yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń di oúnjẹ ọ̀sán fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílé ìwé ìjọba London, ẹ dákun, kí ló ṣẹlẹ̀? Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni gbogbo wọn ti ń jẹun ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. LỌ́FẸ̀Ẹ́! Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́. Àbíkẹ́yìn mi kọ́kọ́ ní òun ò lè jẹ kárọ́ọ̀tì bíbọ̀ wọn. Ní báyìí, ó ń tọrọ ti ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Ẹ gbọ́... Ìkòkò ti dákẹ́. Ṣìììn, ìró òróró nìkan ló kù. Ẹ jẹ́ n wá tíréè.

Ó tutù tán. Ẹ bá mi kà á: mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá. Ọ̀kan ò ní wọ firísà, tòní nìyẹn. Àwọn ọmọ ti ń béèrè lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé kí la máa jẹ, ẹ má sọ fún wọn pé ẹ̀wà ni.