Ẹ Gbọ́ Àtàǹpàkò: Charlie Byrd, Stan Getz àti Àwo "Jazz Samba"

Níwájú àwọn olólùfẹ́ orin kan ní Ìbàdàn ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti yọ àsọtúnsọ díẹ̀ kúrò, àmọ́ ìbéèrè tó yí ọ̀rọ̀ mi padà ṣì wà níbi tó ti wọlé.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n gbé gìtá yìí lé itan ná. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni kí ẹ máa wò. Ọwọ́ òsì ni gbogbo ayé máa ń wò, torí òun ló ń sáré lọ sáré bọ̀ lọ́rùn gìtá. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí. Àtàǹpàkò ọ̀tún ń lu okùn tó nípọn: dùm, dùm, dùm, dùm. Kò yára, kò fà sẹ́yìn, bí ẹni tó ń rìn lọ sóko láàárọ̀. Ìka mẹ́ta tó tẹ̀lé e ń fa okùn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ wọn kì í sábà bọ́ sílẹ̀ níbi tí àtàǹpàkò bọ́ sí. Wọ́n á ṣáájú rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tún jẹ́ kó kọjá kí wọ́n tó dé. Ẹ tún gbọ́ ọ. Ohun tí ayé ń pè ní bossa nova nìyẹn.

Inú sáḿbà, orin ijó àwọn ará Brazil, ni bossa nova ti jáde. Nínú ẹgbẹ́ onísáḿbà ní Rio, ìlù ńlá kan wà tó ń jẹ́ surdo. Òun ló ń di ilẹ̀ mú. Ìlù pẹlẹbẹ kékeré kan sì wà tó ń jẹ́ tamborim, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi lù ú, òun ló ń ta pọ́ún pọ́ún láàárín. João Gilberto, ọmọ Juazeiro ní ìpínlẹ̀ Bahia, ló kó ìlù méjèèjì sínú ọwọ́ kan ṣoṣo. Àtàǹpàkò di surdo, ìka mẹ́ta di tamborim. Kò ṣàdédé rí i o. Láàárín 1955 sí 1956 ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ arábìnrin rẹ̀ ní Diamantina, ilé ìwẹ̀ ló sì máa ń wọ̀ lọ tòun ti gìtá. Ògiri ilé ìwẹ̀ ń dá ohùn padà, nítorí náà ó lè gbọ́ bí okùn kọ̀ọ̀kan ṣe ń kú lọ. Ohun kan náà ló ń ta, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tó fi máa di 1958 tí wọ́n gbé orin "Chega de Saudade" tó kọ lórin jáde, àwọn onígìtá Brazil gbọ́ ọ, wọ́n sì tún ọwọ́ ara wọn kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi rí mọ ibi tí mò ń lọ. Àwọn kan ń kọ ọ́ káàkiri pé bossa nova jẹ́ orin etíkun àwọn ọmọ olówó, pé João Gilberto lé ìlù jáde kúrò nínú sáḿbà kí ó lè bá etí àwọn èèyàn pàtàkì mu. Mi ò gbà, mi ò sì ní gbà. Kò lé ìlù jáde. Inú gìtá ló gbé e wọ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ níbẹ̀, kó padà lọ fetí sí àtàǹpàkò.

Ẹ̀ṣẹ̀ àwa náà wà níbẹ̀ o. Ẹnì kan bá mi jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú pé Yorùbá ló ni sáḿbà látòkè délẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rù Ọlọ́run. Àwọn ará Kóńgò àti Àǹgólà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ní ipa tó tóbi gidigidi nínú sáḿbà, inú èdè wọn sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé orúkọ náà ti wá. Tiwa náà wà ní Bahia, kò sì kéré: agogô ni wọ́n ń pe agogo, xequerê ni wọ́n ń pe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, Iemanjá ni Yemọja. Ká mú tiwa, ká fi tẹlòmíì sílẹ̀ fún un.

Ó yá, Charlie Byrd. Ọdún 1925 ni wọ́n bí i ní Virginia, ní Amẹ́ríkà. Onígìtá jáàsì ni, àmọ́ ó ya ọ̀nà kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò yà. Ó lọ kọ́ gìtá àtijọ́ ti àwọn ará Yúróòpù, ní 1954 ó sì jókòó síwájú Andrés Segovia, àgbà onígìtá ará Sípéènì, ní Siena, ní Ítálì. Kí nìdí tí mo fi ń sọ èyí? Púpọ̀ nínú àwọn onígìtá jáàsì nígbà náà, ike pẹlẹbẹ kékeré ni wọ́n fi ń ta okùn. Ike kan ṣoṣo kò lè jẹ́ surdo kó tún jẹ́ tamborim. Ìka lásán ni Byrd fi ń ta tirẹ̀, lórí gìtá olókùn nylon. Nígbà tí bossa nova dé bá a, ọwọ́ rẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́.

Báwo ló ṣe dé bá a? Ní 1961, ìjọba Amẹ́ríkà rán òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri Gúúsù Amẹ́ríkà láti fi orin bá wọn wá ọ̀rẹ́, torí àwọn àti Rọ́ṣíà ń du ọkàn aráyé nígbà yẹn. Keter Betts ló ń ta béèsì, Buddy Deppenschmidt ló ń lu ìlù. Wọ́n dé Brazil, wọ́n gbọ́ àwo João Gilberto, wọ́n sì gbé e wálé. Stan Getz, ọ̀gá nínú fífun fèrè saxophone, dara pọ̀ mọ́ wọn, Creed Taylor ti ilé iṣẹ́ agbáwojáde Verve sì ṣètò bí wọ́n ṣe máa gbà á sílẹ̀. Ní 13 February 1962, nínú gbọ̀ngàn Pierce Hall ní ṣọ́ọ̀ṣì All Souls Unitarian ní Washington, wọ́n parí àwo náà, "Jazz Samba", lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Orin méje. Ẹ sì wò ó o: èèyàn méjì ló jókòó sídìí ìlù lọ́jọ́ náà, Deppenschmidt àti Bill Reichenbach, nítorí ohun tí ìlù Brazil ń ṣe kò rọrùn fún ọwọ́ òyìnbó kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹta 1963, "Jazz Samba" dé ipò kìíní lórí àtẹ ìwé ìròyìn Billboard ní Amẹ́ríkà, àtẹ gbogbo àwo tó ń tà nílùú, kì í ṣe ti jáàsì nìkan. Ẹ̀bùn Grammy wá fún "Desafinado", ọ̀kan nínú orin méje náà. Getz ló gbà á.

Ibí yìí ni inú ti ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ ronú ọjọ́ ìnáwó. Àwọn onídùndún wọlé. Ẹni tó gbé ìyáàlù ló wà níwájú, òun ló ń ki ọlọ́jọ́ ìbí, iwájú orí rẹ̀ ni wọ́n ń lẹ owó mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan fi gúdúgúdú kọ́rùn, ó ń fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lù ú, kò ki ẹnikẹ́ni. Àmọ́ kí gúdúgúdú yẹn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, kí ẹ wo bí ẹsẹ̀ oníjó á ṣe dàrú, kí ẹ wo bí ìyáàlù fúnra rẹ̀ á ṣe máa wá ilẹ̀ tí yóò tẹ̀. Getz ni ìyáàlù. Byrd ni gúdúgúdú. Ayé lẹ owó mọ́ Getz níwájú orí.

Mo fẹ́ kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ. Nínú orin méje yẹn, ọ̀kan ń jẹ́ "Samba de Uma Nota Só", iṣẹ́ Tom Jobim àti Newton Mendonça. Sáḿbà olóhùn kan ni orúkọ náà túmọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ló sì rí: níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohùn kan ṣoṣo ni orin ń tẹ̀ mọ́. Gbogbo yín, ẹ bá mi fi imú kọ ohùn yìí. Ẹ má kúrò lórí rẹ̀. Ó dára. Tí ẹ bá dá nìkan wà, ẹ dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ máa bá a lọ, mo fẹ́ wọlé. Kọ́ọ̀dù kìíní, ohùn mélòó kan tí mo ta pọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kọ́ọ̀dù kejì. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin. Ṣé ẹ gbọ́ bí ohùn yín ṣe ń yí àwọ̀ padà? Ẹ ò mì kúrò lójú kan. Gìtá ló ń gbé ilẹ̀ tó wà lábẹ́ yín lọ. Ẹni tó bá ní fèrè ló ṣe àwo yìí, kó wá fi fèrè nìkan fun orin yìí fún mi, kí n rí i.

Byrd náà kò dákẹ́. Ní 1967 ó pe Getz àti MGM, ilé iṣẹ́ tó ni Verve, lẹ́jọ́ lórí owó àwo náà, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ sì ní ìdajì owó àwo náà tọ́ sí i. Mo fẹ́ bọ́ sórí eré bossa nova tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn Carnegie Hall ní New York ní oṣù kọkànlá 1962 nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan nawọ́ sókè lẹ́yìn. Ó ní kí n má bínú, pé òun kò lè mú un mọ́ra.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Gúdúgúdú gan-an ni mò ń lù, láti ilé baba mi ni. Ẹ ní Byrd ni gúdúgúdú. Àmọ́ ẹgbẹ́ tí Byrd kó lọ sí Brazil, ṣebí òun ni ọ̀gá wọn? Ta ni gúdúgúdú tirẹ̀? Nílé wa, tí wọ́n bá ná owó fún ìyáàlù tán, àpò kan ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀, a ó jọ pín in ni."

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Mo gbé gìtá sílẹ̀.

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jà fún Byrd, débi pé mi ò wẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ó yá, ẹ jẹ́ ká wò ó. Orúkọ méjì ni wọ́n fi ta àwo náà, ti Getz àti ti Byrd. Èèyàn mẹ́fà ló ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ti dárúkọ mẹ́rin lójú kan, mo dárúkọ Betts kọjá bí ẹni tó ń ka àkọsílẹ̀, mi ò tilẹ̀ dárúkọ Gene Byrd, àbúrò Charlie, tó ta béèsì àti gìtá nínú àwo yẹn. Deppenschmidt kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ọ́ pé ní Brazil, òun àti Betts ló máa ń jáde lọ bá àwọn ọmọ ìlú láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lù ú, pé àwọn ló sì ń rọ ọ̀gá wọn pé kó gbé orin náà sáwo. Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ìdí tí mo fi gbà á ni pé onígìtá lè gbọ́ kọ́ọ̀dù nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kó sì mú un lọ, àmọ́ ìlù Brazil, àfi kéèyàn jókòó ti ẹni tó ń lù ú, kó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ìwọ tó o kọ́ gúdúgúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba rẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ sì tún lọ jìnnà ju Deppenschmidt lọ, torí àwọn tí wọ́n jókòó tì ní Brazil náà kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnì kan. Lẹ́yìn João Gilberto ni àwọn onísurdo àti onítamborim wà, àwọn tí kò sí orúkọ wọn lára àwo kankan. Àpò wo ni tiwọn wọ̀? Ó yẹ kí n ti máa bi ara mi léèrè tipẹ́.

Wọ́n ti ń fi ọwọ́ hàn mí pé ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Carnegie Hall ti lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sáré sọ ti Baden Powell, onígìtá Brazil tó bá Billy Blanco kọ "Samba Triste", ọ̀kan nínú orin méje wa. Ní 1966, òun àti akéwì Vinicius de Moraes gbé "Os Afro-Sambas" jáde. Orin Ọ̀sanyìn wà níbẹ̀, ti Ṣàngó wà níbẹ̀, ti Yemọja àti Èṣù náà wà níbẹ̀, tòun ti agogo àti ìlù Bahia. Ẹ lọ wá a gbọ́ lálẹ́ òní. Nínú àwo yẹn, ìlù jáde kúrò nínú gìtá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àbúrò, máa bọ̀ níwájú. O ò gbé gúdúgúdú wá? Dojú àga ike yẹn délẹ̀.

Ó dojú àga délẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lù ú. Mo padà sórí sáḿbà olóhùn kan, àwọn èèyàn tún fi imú gbé ohùn yẹn láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń tẹ̀lé àtàǹpàkò mi. Nígbà tó di ìgbà kẹta tí a yí i, àtàǹpàkò mi ló ń tẹ̀lé e. Ẹni tó fẹ́ ti gbọ̀ngàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lé wa, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ lu irin ilẹ̀kùn.