Ọgbà Ìrántí ní Kétu: Ta Ni Yóò Bomi Rin Ín Lóṣù Èrèlé?

Ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ni mo bá àwọn ará ilé sọ ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú kan ní kí n wá ṣàlàyé ohun tí ọgbà ìrántí jẹ́, ìyẹn ọgbà igi àti òdòdó tí a fi ń rántí òkú, tí oyin sì ń rí oúnjẹ níbẹ̀, àti bí a ṣe lè dá a sílẹ̀. Mo tún un tò fún kíkà, mo sì yọ àwọn àwàdà tí kò ní dùn lórí ìwé kúrò.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo júbà kí n tó sọ̀rọ̀. Kí adé pẹ́ lórí Kábíyèsí Alákétu, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá mi. Igi ewúro kan wà níbẹ̀ tí mo ti mọ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò rí òdòdó rẹ̀ rí, nítorí pé ìyá mi ń já a fún ọbẹ̀ nígbà gbogbo, ewúro tí a bá sì ń já bẹ́ẹ̀ kì í ráyè yọ òdòdó. Lọ́dún tí ìyá mi kú, kò sí ẹni tó dáná níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan láti gbé odó, mo sì bá igi náà tó ti ga kọjá etí òrùlé, tí òdòdó funfun wẹ́wẹ́ bo gbogbo orí rẹ̀. Ìró oyin ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó gbójú sókè. Mo dúró níbẹ̀ títí oòrùn fi mú, odó wà nílẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dúró lójú kan tí ọkàn mi kò sì dà rú.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọgbà yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́kàn mi. Ohun tí mo wá sọ nípa rẹ̀ kò sì pọ̀: bí a óò bá dá ọgbà ìrántí sílẹ̀, oṣù tí àlejò ti tán nílé ni kí a fi wọ̀n ọ́n, kí a má fi ọjọ́ tí a ṣí i wọ̀n ọ́n.

Gbogbo wa la mọ bí ọ̀fọ̀ ṣe ń rí nílẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ tí ènìyàn kú, ilé a kún, a ó yá àga, a ó ta ìbòrí, ẹnu gbogbo ènìyàn a máa sọ pé ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọjọ́ kẹjọ a pé, ogójì ọjọ́ a pé fún àwọn tó ń ṣe é, lẹ́yìn náà oníkálukú a padà sí oko àti ọjà rẹ̀. Ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni ìyàwó ilé tàbí ọmọ òkú máa ń mọ̀ pé ẹni náà ti lọ ní tòótọ́, ìgbà yẹn gan-an ni kò sì sí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an la ń ṣe fún igi tí a bá gbìn. Mo wà níbi tí a ti gbin igi sí àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ kan lóṣù Òkúdu. Aṣọ kan náà ni gbogbo wa wọ̀, a ya fọ́tò, ọ̀rọ̀ sísọ sì gùn ju gbígbìn lọ. Lóṣù Èrèlé tó tẹ̀lé e, mẹ́ta péré ló kù láàyè, ewúrẹ́ sì ti jẹ orí méjì nínú wọn. Èmi náà wà lára àwọn tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, èmi náà kò sì padà síbẹ̀ láti Òkúdu títí di Èrèlé.

Kétu ní ìdí tirẹ̀ láti ní irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1886 ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì run ìlú yìí lẹ́yìn tí wọ́n ti sé e mọ́ pẹ́; wọ́n kó àwọn tó kù lẹ́rú, ìlú sì di ahoro. Ìgbà tí àwọn Faransé ti ṣẹ́gun Àgbómi, olú ìlú Dàhòmì, ní 1892 ni àwọn ọmọ Kétu tó kù láàyè ríbi padà wálé, tí a sì tún fi ọba jẹ ní 1894. Àwọn tó padà la jẹ́ ọmọ wọn. Àwọn tí kò padà ńkọ́? A kì í sùn kí a má mọ ibi tí òkú wa wà. Nínú ilé la ti ń sin àgbà tẹ́lẹ̀, kí ó má baà jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó kú lójú ọ̀nà Àgbómi kò ní ojú oórì nínú ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ tún fi àwọn ọmọ wa òde òní kún un, tí wọ́n kú ní ìdálẹ̀ tàbí lójú òkun, tí a kò rí òkú wọn gbé wálé. Ọgbà ni ibi kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí a ti lè dúró sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò ní ibojì.

Àwọn kan ti ní kí ó wà lẹ́nu Àkàbà Ìdénà. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹnu odi àtijọ́ yẹn àti yàrà rẹ̀ jẹ́ ohun ìtàn tí a kò gbọdọ̀ gbẹ́ ihò igi sí. Gbòǹgbò a máa la ògiri amọ̀. Ibi tí omi kò jìnnà sí ni ká wá, bí kò tilẹ̀ lẹ́wà.

Gbígbin igi fún ìrántí kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. A ń fi pèrègún sàmì ibi ọ̀wọ̀, ewé akòko la sì fi ń jẹ oyè, akòko a sì máa yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹyẹ àti oyin ń wá. Ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ẹ lọ wo ọgbà tí àwọn elédè Faransé ń pè ní Jardin des Plantes et de la Nature: igbó ọba ni tẹ́lẹ̀, kí ìjọba amúnisìn tó sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń dán irúgbìn òkèèrè wò, àwọn ìrókò àtijọ́ sì ṣì wà níbẹ̀. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ pàápàá ti fi àṣẹ kan lélẹ̀ ní 2012 tí ó fún àwọn igbó orò ní àyè lábẹ́ òfin. Igbó orò kò kú títí di òní nítorí pé ẹnì kan ni olùṣọ́ rẹ̀, a sì mọ orúkọ onítọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn kòkòrò, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ń bi mí pé kí ni oyin fẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ òkú. Ẹ wo elégédé. Òdòdó akọ wà lórí ìtàkùn rẹ̀, òdòdó abo sì wà. Abo ni ó ní ọmọ kékeré lábẹ́ ara rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú inú akọ gbọ́dọ̀ dé inú abo kí ọmọ yẹn tó lè dàgbà, afẹ́fẹ́ kò sì lè gbé e nítorí ó wúwo, ó sì lẹ̀. Oyin ló ń gbé e. Bí oyin kò bá dé láàárọ̀ tí abo ṣí, ọmọ náà a pọ́n, a rọ, a já bọ́, a ó sì máa sọ pé ilẹ̀ kò dára. Ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń wo ọ̀rọ̀ onírúurú ẹ̀dá alààyè, IPBES, sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2016 pé nínú àwọn irúgbìn oúnjẹ pàtàkì lágbàáyé, ó ju mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ tí wọ́n nílò irú iṣẹ́ yìí dé ìwọ̀n kan.

Ọ̀pẹ ló tún yà mí lẹ́nu jù. A ti máa ń rò pé afẹ́fẹ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún un. Ní Malaysia, tí wọ́n gbé ọ̀pẹ ilẹ̀ Áfíríkà lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ni ó ń fi ọwọ́ da lẹ́búlẹ́bú sórí òdòdó rẹ̀, títí di 1981 tí wọ́n kó kòkòrò kékeré kan láti Kamẹrúùnù lọ síbẹ̀, tí kòkòrò náà sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kòkòrò yẹn wà lórí ọ̀pẹ tiwa níhìn-ín láti ìgbà ìwáṣẹ̀, láti Kétu dé Pobẹ̀ẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ọ̀pẹ láti 1922, a kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Oyin tí a mọ̀, tí ó ń fún wa ní oyin lílá, ẹ̀yà kan ni lára oyin tí ó lé ní 20,000 lágbàáyé. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù ń dá gbé ni. Wọn kò ní ilé ńlá, wọn kì í sì í jà. Inú ilẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbẹ́ ihò sí, àwọn mìíràn ń gbé inú igi gbígbẹ tàbí inú ọparun. Nítorí náà, ọgbà tí a fi sìmẹ́ńtì tẹ́ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, tí a sì ń gbá ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kò ní gba àlejò kankan nínú wọn. Mo mọ̀ pé yóò ṣòro fún àwọn ìyá wa láti fi apá kan sílẹ̀ láìgbá. Ilẹ̀ tí a kò gbá jẹ́ ìtìjú lójú wa. Ẹ jẹ́ kí a fi igi dídúbúlẹ̀ sàmì ààlà rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé a mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ẹ má gbé ilé oyin síbẹ̀ o: oyin ilẹ̀ wa kì í ṣe ohun àwàdà, ibi tí ọmọdé àti arúgbó ti ń jókòó sunkún kì í ṣe ibi tí a ti ń sìn ín. Ẹ má sì fọ́n oògùn apakoríko. Ọkọ́ ni kí ẹ mú lọ.

Nípa àsìkò, ọ̀pọ̀ ń rò pé ọ̀gbẹlẹ̀ ni ebi ń pa oyin. Ìgbà yẹn gan-an ni kajú, máńgòrò, àràbà àti ewúro ń yọ òdòdó. Àárín òjò ni oúnjẹ wọ́n jù fún wọn, tí òjò ń fọ òdòdó, tí oyin kò sì lè jáde. Nítorí náà, ẹ gbin ẹfinrin púpọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó yọ òdòdó kí ẹ tó já a. Ẹ gbin ewúro méjì: ọ̀kan fún ọbẹ̀, ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Bí àyè bá gbòòrò, ẹ fi igi irúgbá kan kún un, tí ó pọ̀ lọ́nà Ṣábẹ̀ẹ́. Lálẹ́ ni àdán ń wá mu omi dídùn inú òdòdó rẹ̀ tí ó rí roboto, òun ló sì ń mú kí igi so. A ní àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ; ó tún ń wá irú sí ọbẹ̀ wa.

Ṣé ọgbà lè wo ọkàn sàn? N kò ní ṣe àsọdùn. Roger Ulrich, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde ní 1984 lórí aláìsàn 46 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún nílé ìwòsàn kan ní Pennsylvania. Fèrèsé àwọn 23 kọjú sí igi, ti àwọn 23 yòókù kọjú sí ògiri bíríkì. Àwọn tó ń wo igi tètè lọ sílé, wọn kò sì lo oògùn ìrora líle tó àwọn yòókù. Ọgbẹ́ ara ni ó wádìí, kì í ṣe ọgbẹ́ ọ̀fọ̀. Ohun tí èmi rí lára ọ̀fọ̀ ni pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kò fẹ́ ìmọ̀ràn. Ó fẹ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò máa ṣe, àti ìdí tí yóò fi jáde nílé láìjẹ́ pé ó ń ṣe àlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Omi ni iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí igi tuntun bá ń gba korobá kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, igi 30 yóò gba korobá 60. Láti àárín Belu títí dé ìparí Ẹrẹ́nà jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20, èyí tí ó jẹ́ korobá 1,200, ní ìlú tí gbogbo wa ti mọ iye omi. Èmi kò ní gbin 30. N óò gbin 12, korobá 24 lọ́sẹ̀, n óò sì fi ewé gbígbẹ bo ìdí wọn kí omi má tètè gbẹ. Igi kọ̀ọ̀kan yóò ní agbo ilé tí yóò máa bomi rin ín láti ọjọ́ ọjà kan dé èkejì, kí òmíràn tó gbà á, kí ilé tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ lọ́dún náà sì gba ti Èrèlé, nítorí àwọn ni wọn kò ní àlejò mọ́ nígbà yẹn. Aládùúgbò tó bá fẹ́ kí wọn yóò mọ ibi tí yóò ti bá wọn.

Mo gbọ́ pé a fẹ́ kọ orúkọ sára òkúta. Ó dára, ṣùgbọ́n òjò a máa pa lẹ́tà rẹ́, ọ̀pọ̀ àgbà wa kò sì lè kà á. Kí ẹni tó ń bomi rin igi kí oríkì ẹni tí a gbìn ín fún, kí ọmọ tó bá a gbé korobá sì gbọ́ ọ. Fún àwọn ti 1886 tí a kò mọ orúkọ wọn, oríkì ìdílé tó.

Wọ́n bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà pé ìgbà wo la óò bẹ̀rẹ̀. Oṣù Èbìbí, lẹ́yìn òjò tó bá rin ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Mo ti gé ẹ̀ka mẹ́fà lára ewúro ìyá mi, mo kì wọ́n sínú àpò ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo wò wọ́n ní àárọ̀ àná, méjì ti rúwé.