Kí Ló Dé Tá A Fi Ń Wọ Orúkọ Nǹkan Tá A Fẹ́ràn Sára?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò wá. Tí Arsenal bá wínì ní Sọ́ńdè, ẹ lọ dúró sí Ojúẹlẹ́gbà láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ máa rí jẹ́sì pupa lọ́rùn kọ̀ńdọ́kítọ̀, lọ́rùn ẹni tó ń ta búrẹ́dì, lọ́rùn ẹni tó ń sáré tẹ̀lé danfo, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fìyà jẹ wọ́n ńkọ́? Jẹ́sì á ti wà nínú báàgì nílé.

Wọ́n ti ṣèwádìí nǹkan yìí o. Ní 1976, Robert Cialdini àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n lọ ń ka aṣọ lára àwọn stúdẹ́ǹtì ní yunifásítì méje láwọn Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n wá rí i pé tí tíìmù bá wínì, àwọn tó wọ aṣọ tó ní orúkọ ilé ìwé yẹn máa ń pọ̀ ju ìgbà tí wọ́n bá lù wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an ń yí padà, tó bá dùn, "a wínì", tí ò bá dùn, "wọ́n lù wọ́n". Ẹ tẹ́tí sáwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ládùúgbò yín, bẹ́ẹ̀ náà ni: lónìí "a ti nà wọ́n!", lọ́la "àwọn ọmọ yìí ò mọ bọ́ọ̀lù gbá".

Àwọn kan á ní fáàrí lásán ni. Fáàrí wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ mi ò gbà pé òun nìkan ni, torí kí Nike tó dé ilẹ̀ yìí la ti ń ṣe é. Ẹ wo Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́jọ́ Ẹ̀yọ̀, funfun ni gbogbo wọn wọ̀, wọ́n daṣọ bojú, ẹ ò lè mọ ọmọ ẹni tó wà nínú ẹ̀, akẹtẹ̀ orí wọn ló máa sọ fún yín. Akẹtẹ̀ Ẹ̀yọ̀ Adímú dúdú, ti Làbà pupa, ti Oníkò yẹ́lò, ìgà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ààfin àwọn ìjòyè Èkó, ló ní tiẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n, á ti rí i láti òkèèrè pé àwọn èèyàn òun ló ń bọ̀ yẹn. Aṣọ ẹbí ńkọ́? Ẹ wọ hóòlù ní Ṣómólú ní Sátidé, ẹ ti mọ ẹbí ìyàwó kẹ́nikẹ́ni tó yanu.

Ọ̀nì kékeré tó wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì Lacoste náà, inagijẹ èèyàn ni. René Lacoste, ará Faransé tó ń gbá tẹ́níìsì, òun ni wọ́n ń pè ní ọ̀nì, ọ̀rẹ́ ẹ̀ Robert George ló ya ọ̀nì náà fún un, ó wá fi sára aṣọ ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1933. Òun ni wọ́n ń tò sílẹ̀ ní Balógun lónìí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ìwádìí yẹn ò sọ tán. Ní 2018, Nike ṣe jẹ́sì Super Eagles fún World Cup Rọ́ṣíà, èyí tí apá ẹ̀ dúdú-funfun bí ìyẹ́ ẹyẹ, àwọn èèyàn tò ní Oxford Street ní London torí ẹ̀, ó sì tán kíákíá. A ò kọjá gúrúùpù o, síbẹ̀ mo ṣì ń rí i lọ́rùn àwọn èèyàn ní Yábàá títí dòní.

Bọ̀dá mẹkáníìkì kan sì wà ládùúgbò wa ní Mushin, jẹ́sì Kanu ló máa ń wọ̀, nọ́ńbà 25, látìgbà tí Kanu ti wọ Arsenal ní 1999 ló ti fẹ́ràn wọn, pupa ara ẹ̀ ti ṣá, ọ́ìlì ti bà á jẹ́. Mọ́ńdè kan tí wọ́n ti na Arsenal dáadáa, tí gbogbo àdúgbò ti bọ́ tiwọn, òun wọ tiẹ̀ jáde, ọlọ́kadà kan tí ò mọ̀ ọ́n rí kàn pariwo inagijẹ Kanu, "Papilo!", ó dúró, ó na ọwọ́ sí i, àwọn méjèèjì bọwọ́, ó sì bá tiẹ̀ lọ.