Sípíkà Àárín Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Náwó Lé

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tíátà inú ilé la fẹ́ sọ lónìí, mi ò sì ní dúró sọ bí wọ́n ṣe ń so wáyà HDMI. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í ni mo ń lọ. Ẹni tó bá dé Alaba, ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni, "Ẹ̀gbọ́n, wáàtì mélòó ni?" Á tún ní kí wọ́n gbé subwoofer, sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, èyí tó tóbi jù wá. Ó gbé e dé Surulere, ó tan fíìmù Yorùbá, ilẹ̀ ń mì tìtì, fèrèsé ń gbọ̀n, àmọ́ kò gbọ́ ohun tí bàbá inú fíìmù ń wí. Ó gbé ohùn sókè. Ìbọn dún gbàù, ó sáré rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Rímóòtù ò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ títí fíìmù fi parí.

Sípíkà àárín ni o. SÍPÍKÀ ÀÁRÍN! Nínú ètò 5.1, ìyẹn sípíkà márùn-ún àti subwoofer kan, òun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré.

Ẹ wo àwọn onídùndún lóde àríyá. Gúdúgúdú ń lọ, kẹríkẹrì ń gbè é, ṣùgbọ́n ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń ki èèyàn. Bí ọsán ìyáàlù bá ti dẹ̀, kí àwọn tó kù máa lù ú títí ilẹ̀ á fi mọ́, olóyè ò ní tọwọ́ bàpò. Háà, mo fẹ́ràn ìlù yẹn! Ẹ jẹ́ ká padà.

Tí ẹ bá ń ra sípíkà àárín, kí òun àti ti ọ̀tún àti ti òsì jẹ́ ọmọ ìyá: iléeṣẹ́ kan náà, ẹ̀yà kan náà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó bá gba iwájú yín kọjá nínú fíìmù á yí ohùn padà lójú ọ̀nà. Tí ẹ bá délé, ẹ má tì í wọnú kọ́bọ́ọ̀dù! Ẹ fà á wá sétí tábìlì, kó dojú kọ etí ẹni tó jókòó. Mo tún un sọ: ETÍ ẸNI TÓ JÓKÒÓ, kì í ṣe orúnkún.

Ọ̀rọ̀ wáàtì, kíá. PMPO, agbára ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí, ẹ gbójú kúrò níbẹ̀. RMS, agbára tó lè gbé jáde láìdáwọ́ dúró, ni kí ẹ wá. Bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, 3 dB péré ló fi kún ohùn; dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ń dún tó. Sípíkà tí wọ́n kọ 91 dB sí lára, ìyẹn bó ṣe ń dún tó pẹ̀lú wáàtì kan, tó ń jẹ 50 wáàtì, á dún tó ti 88 dB tó ń jẹ 100.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Èyí máa ń bí mi nínú, torí ọ̀pọ̀ tó ń tà á kì í sọ ọ́. Receiver, ẹ̀rọ tó ń pín ohùn fún àwọn sípíkà, èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, 120 volt ló ń lò; ti Jàpáànì, 100. Iná tiwa, 230! Ẹ yí i padà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Tí kò bá gba 230, ẹ ra transformer tó ń rẹ iná sílẹ̀, tó sì lágbára tó o, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Subwoofer ló kù. Ẹ gbé e sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí, ẹ fi orin onílù sí i, kí ẹ wá máa rákò káàkiri pálọ̀. Ibi tí ìlù bá ti dún ketekete létí yín, tí kì í hó gìrìgìrì, ẹ gbé e síbẹ̀.