Ẹ má kàn pe èèyàn ní skinny o

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ "thin" la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, tórí tẹ́ ẹ bá ṣí díkíṣọ́nárì, wọ́n á kó slim, slender, lean, skinny, gaunt síbẹ̀ bíi pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, èèyàn á wá mú èyí tó bá ti bọ́ sí i lẹ́nu. Èmi náà ṣe é rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní London, obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wọ gáùn tuntun wá, ó bá a lára mu gan-an, ni mo bá fẹ̀rín sí i pé "you look so skinny". Ojú ẹ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀, ó fa káàdígàn ẹ̀ bo apá méjèèjì, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ohun tó gbọ́ ni pé ó ti rù.

Bẹ́ẹ̀, Yorùbá ẹnu wa ti la ọ̀nà yẹn fún wa tipẹ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìyìn ni, ibẹ̀ ni slim àti slender wà, àmọ́ slender jọ ọ̀rọ̀ inú ìwé díẹ̀, ó sì máa ń ba igi tàbí ọrùn tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Skinny, ìyẹn ló ń jẹ́ ó rù. Gaunt ni ó rù hangogo, ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti jìn wọnú nítorí ebi tàbí àìsàn. Thin gan-an wà láàárín, ó sì tún ń lọ sára nǹkan: bébà tó fẹ́lẹ́, ọbẹ̀ tó ṣàn, thin ni wọ́n ń pe méjèèjì.

Lean ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì 41 ẹsẹ 3, àwọn màlúù inú àlá Fáráò. Bíbélì Yorùbá ní wọ́n rù, King James ti 1611 ní "leanfleshed", àmọ́ NIV, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti òde òní, ní "gaunt". Lójú tèmi ó tọ́ bẹ́ẹ̀, tórí lónìí ìyìn ni lean, ẹran tí kò lọ́rà lọ́wọ́ alápatà, tàbí ara eléré ìje tí kìkì iṣan kún. Slim náà ti rìn jìnnà: èdè àwọn ará Netherlands ló ti wá, lọ́dọ̀ wọn lónìí ọlọ́gbọ́n ni slim, àwọn ará Jámánì sì ní schlimm, tó jẹ́ burúkú!

Arábìnrin kan wá bi mí pé ọ̀gá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, ó ti joro, èwo ni kóun lò nínú wọn. Mo ní kó má lo ìkankan. Kó sọ pé "it's so good to see you", bí àwa náà ṣe máa ń sọ pé ẹ kú ewu.